Kírímù tí wọ́n kọ fọ́mọ mi ń ta á lára, kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Ìbejì ni mo bí, wọ́n ti pé ọdún méjì lé oṣù mẹ́ta. Ara Táyé jọ̀lọ̀, kò ní nǹkan kan, ti Kẹ́hìndé ló ń gbẹ tó ń le bí èèpo igi, pàápàá inú ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún, á họ ọ́ lóru títí ẹ̀jẹ̀ á fi kan bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e lọ kí wọ́n wò ó, wọ́n ní eczema ni, wọ́n wá kọ aqueous cream fún mi pé kí n máa fi pa á láàárọ̀ lálẹ́. Níbi tí mo ti rà á, inú ike ńlá kan ni wọ́n ti bù ú sínú ike funfun kékeré, wọ́n fi báírò kọ "aqueous cream" sí i lára, kò sí lébẹ́ẹ̀lì, kò sí nǹkan mìíì.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé tí mo bá ti fi pa á báyìí, kì í pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀ àmọ́ ó mọ ata, á na ọwọ́ sí mi, á ní "Mọ́mì, ata, ata". Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ibi tó họ ló ń ta á, mo ní ó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Dádì wọn ní fèèkì ni kírímù náà. Ìyá ọkọ mi ní kí n da gbogbo ẹ̀ nù kí n lọ ra òrí àti àdín. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe organic skincare ní òun á po ọ̀kan fún mi tí ò ní kẹ́míkà kankan nínú. Mi ò mọ èwo ni kí n mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa nǹkan yìí, kí ló tiẹ̀ wà nínú kírímù gan-an?

Apòògùn_Àkúrẹ́ · 9:47 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Láti alẹ́ òní, ẹ má fi kírímù yẹn sílẹ̀ lára ọmọ mọ́. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ fèèkì rárá. Ojúlówó gan-an lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé wọ́n ṣì ń ní káwọn ìyá máa fi pa ọmọ lára kí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Epo àti omi kì í gbé pọ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kírímù sì rèé, epo àti omi ni. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni wọ́n ń pè ní emulsifier, èmi máa ń pè é ní alárenà fáwọn tó bá wá ra oògùn lọ́wọ́ mi. Ẹ mọ alárenà ìgbéyàwó, tí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárenà á yẹ̀bá. Alárenà inú kírímù kì í yẹ̀bá ní tiẹ̀. Ibẹ̀ ló máa wà, tẹ́ ẹ bá ń fi kírímù pa ọmọ lára, òun náà lẹ̀ ń fi pa á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa bèèrè orúkọ ẹ̀.

Aqueous cream tí wọ́n kọ BP sí lára, BP yẹn ni British Pharmacopoeia, ìwé ìlànà oògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́ ẹ bá mú 100 giráàmù ẹ̀, omi ni 69, phenoxyethanol tí kì í jẹ́ kí kòkòrò wọ̀ ọ́ ni 1, emulsifying ointment ni 30 tó kù. Ẹ wá tú emulsifying ointment yẹn náà wò: ìdajì ẹ̀ jẹ́ white soft paraffin, irú èyí tá a mọ̀ sí Vaseline, 20 nínú 100 jẹ́ liquid paraffin tó ń ṣàn, 30 jẹ́ emulsifying wax. Ẹ tún tú emulsifying wax, 90 nínú 100 ẹ̀ jẹ́ cetostearyl alcohol, 10 jẹ́ sodium lauryl sulfate, èyí tá à ń pè ní SLS. Alárenà tí mò ń wí gan-an nìyẹn. SLS yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ṣámpù àti pẹ́ẹ̀sì ìfọyín hó. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ tán, bíi 0.9 giráàmù ló wà nínú 100 giráàmù aqueous cream, 4.5 giráàmù nínú ike ńlá 500. Kò pọ̀ lójú, àmọ́ ọṣẹ ni, tẹ́ ẹ bá sì fi ọṣẹ sílẹ̀ lára awọ tó ti ya láìṣàn án kúrò, ó máa ta onítọ̀hún ni.

Kì í ṣe èmi nìkan ló sọ ọ́ o. Lóṣù Kẹta 2013, àjọ tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MHRA, kìlọ̀ pé aqueous cream lè máa jó, kó máa ta, kó máa yún àwọn kan lára, pàápàá àwọn ọmọ tó ní eczema, tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lára wọn, pé kì í sì ju ogún ìṣẹ́jú lọ lọ́pọ̀ ìgbà tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Àbí ẹ ò rí i, ata tí Kẹ́hìndé ń sọ nìyẹn.

Baba_Jókẹ́ · 10:05 alẹ́

Ẹ rọra o. Látọdún 2009 ni mo ti ń lo aqueous cream, èmi àtàwọn ọmọ mi, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹ má dẹ́rù ba àwọn èèyàn.

Apòògùn_Àkúrẹ́ · 10:21 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ṣe ní nǹkan kan. Awọ tiyín dà bí ògiri tí wọ́n rẹ́ dáadáa, ti ọmọ tó ní eczema dà bí ògiri tí sìmẹ́ńtì ti re kúrò lára ẹ̀, bíríkì ti yọ síta, ohun tó kan tiyín tó kàn ṣàn lọ ló máa wọnú tiẹ̀. Àní àwọn tára wọn dá ṣáṣá pàápàá, wọ́n ṣèwádìí ẹ̀ ní Yunifásítì Bath ní 2010, wọ́n ń fi aqueous cream pa àwọn èèyàn díẹ̀ lọ́wọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ipele awọ tó wà lókè pátápátá fi bíi 12 nínú 100 fẹ́lẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa lò ó, ẹ fi wẹ̀ bí ọṣẹ kẹ́ ẹ ṣàn án kúrò.

Tíṣà_Kẹ́mísìrì · 10:40 alẹ́

Ọ̀rọ̀ alárenà yẹn dùn mọ́ mi, màá mú un lọ sí kíláàsì lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Tẹ́ ẹ bá fi omi lásán fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹ ẹ̀fọ́ rírò, epo pupa yẹn á kàn máa yí kiri lórí omi ni, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín, á lẹ̀ mọ́ etí abọ́. Ẹ wá fi kàn-ìn-kàn-ìn àtọṣẹ sí i, kíá omi á ṣú, epo á wọ inú ẹ̀ lọ. Epo ò lọ ibì kankan o, ó kàn fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni. Ohun tó ń jẹ́ alárenà yìí, ẹ fojú inú wò ó bí ẹja tíntìntín, orí ẹ̀ fẹ́ omi, ìrù ẹ̀ fẹ́ epo, gbogbo wọn á ki ìrù bọ inú epo, wọ́n á kọ orí sínú omi, wọ́n á yí ẹ̀kán epo kọ̀ọ̀kan ká tí ẹ̀kán kan ò fi ní lè padà lọ bá èkejì. Ìdí tí kírímù fi funfun náà nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n pa á láró funfun, ìmọ́lẹ̀ ló ń kọ lu àwọn ẹ̀kán kéékèèké yẹn tó ń fọ́n káàkiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíìkì ṣe rí.

Oríṣi méjì ni kírímù. Ọ̀kan, epo ló wà nínú omi, ó máa ń fúyẹ́, omi á ṣàn án kúrò, bíi aqueous cream. Èkejì, omi ló wà nínú epo, ìyẹn máa ń ki, á máa dán lára, omi ò lè tètè ṣàn án. Alárenà tẹ́ ẹ bá lò ló ń pinnu èwo ló máa jẹ́. Ní 1949, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Griffin ṣe ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní HLB, tó ń sọ bí alárenà ṣe fẹ́ràn omi tó sí epo, alárenà tí nọ́ńbà ẹ̀ bá wà láàárín 3 sí 6 ló ń ṣe omi-nínú-epo, 8 sí 18 ló ń ṣe epo-nínú-omi.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn ò kà sí. Àwọn alárenà kan gbé iná nẹ́gátíìfù, SLS wà lára wọn. Àwọn kan gbé pọ́sítíìfù, bíi cetrimide. Àwọn kan ò gbé iná kankan, bíi cetomacrogol. Tẹ́ ẹ bá po kírímù tó ní nẹ́gátíìfù mọ́ èyí tó ní pọ́sítíìfù lójú àtẹ́lẹwọ́ yín, àwọn alárenà méjèèjì á gbá ara wọn mú, wọ́n á fi epo àtomi sílẹ̀, kírímù á yà. Ẹ má máa po tíúbù méjì pọ̀ lọ́wọ́, ẹ lo ọ̀kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àyè wà kẹ́ ẹ tó lo èkejì.

Alhaja_Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Salaamu alaikun. Ẹ ṣé fún àlàyé o, mo kọ́ nǹkan. Àmọ́ ẹ wò ó, ẹ ní 90 nínú 100 emulsifying wax jẹ́ alcohol. Ṣé ọtí là ń fi para la wá ń lọ kírun? Mo tún gbọ́ pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn.

Tíṣà_Kẹ́mísìrì · 7:02 àárọ̀

Wa alaikum salaam, Alhaja. Orúkọ ìdílé ni alcohol nínú kẹ́mísìrì. Ọmọ kan ṣoṣo nínú ìdílé ọ̀hún lọtí tẹ́ ẹ mọ̀, ethanol ni wọ́n ń pè é. Cetostearyl alcohol ò jọ ọ́ rárá, funfun ni, ó le bí àbẹ́là, ó máa ń wá ní wóróbo-wóróbo, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e kaná kó tó yọ́, kò lè pa èèyàn bí ọtí. Awọ ara kì í gbẹ nítorí ẹ̀ bó ṣe ń gbẹ nítorí spirit, ńṣe ló ń mú kó rọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹja àbùùbùtán ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí cetyl alcohol, Chevreul ará Faransé ló yọ ọ́ jáde ní 1817, ìdí nìyẹn tórúkọ ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja náà lédè Látíìnì. Lóde òní, epo ọ̀pẹ, epo àgbọn tàbí epo rọ̀bì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti wádìí ni stearic acid àti glycerin, wọ́n lè ti ara ọ̀rá ẹran wá, wọ́n sì lè ti ara epo ọ̀pẹ wá, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ vegetable sí lára. Lanolin ní tiẹ̀, ara irun àgùntàn ló ti ń wá, ó sì jẹ́ alárenà fúnra ẹ̀, ó lè gba omi tó tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ẹ̀ mọ́ra, àmọ́ ó máa ń bínú sí ara àwọn kan. Ti ẹ̀tọ́ àti èèwọ̀, ẹ bi àáfà yín, èmi ò ní dá sí ìyẹn.

Ọmọ_Ṣakí · 8:15 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ìyá ọkọ yín ò ṣìnà o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó torí ilé olórí ni mo ti jáde. Òrí ò nílò alárenà, torí kò sómi nínú ẹ̀. Tí ìyá wa bá ń ṣe é, tí wọ́n bá ti yan ẹ̀mí tí wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n á máa bu omi sí i, wọ́n á máa fọwọ́ pò ó nínú agbada, ọwọ́ méjèèjì, títí ọ̀rá á fi funfun tí á léfòó, wọ́n á wá kó o, wọ́n á sè é lórí iná títí gbogbo ariwo inú ìkòkò á fi dákẹ́. Ariwo yẹn, omi ni. Ìyá wa á ní "ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ má gbé e kalẹ̀". Òrí tí wọ́n gbé kalẹ̀ kó tó dákẹ́ ló máa ń tètè rùn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe mí lọ́dún tó kọjá. Mo fi blẹ́ńdà po òrí pẹ̀lú oje etí erin, ó wú, ó funfun, ó fúyẹ́ bí ìfófò, mo yà á ní fọ́tò, mo tà á fún èèyàn mẹ́ta. Ọjọ́ kẹfà ẹnì kan pè mí pé òun rí àmì dúdú nínú ẹ̀. Mo ṣí tèmi, àmì dúdú, òórùn bí omi ògì tó ti pé jù, omi sì ti sun sísàlẹ̀ ike. Mo dá owó gbogbo wọn padà, àánú wọn ṣe mí gan-an torí ọ̀kan nínú wọn ti fi pa ọmọ jòjòló. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta òrí, ibi tẹ́ ẹ bá ti bu omi sí i, yálà omi ẹ̀rọ ni o, oje ewé ni o, omi ìrẹsì ni o, kòkòrò ti ríbi gbé nìyẹn.

Tí òrí bá ń ṣe kóró-kóró lọ́wọ́, kò bàjẹ́, ó tutù díẹ̀díẹ̀ jù ni. Ẹ yọ́ ọ, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì kó tètè dì.

Àbẹ̀kẹ́_apokírímù · 9:33 àárọ̀

Iṣẹ́ tí mò ń jẹun nínú ẹ̀ rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìyá Ìbejì, tí ọ̀rẹ́ yín bá ní kírímù òun ò ní kẹ́míkà kankan, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: ṣé omi wà níbẹ̀? Kí ló fi so omi mọ́ epo? Kí ló fi ṣọ́ ọ lọ́wọ́ kòkòrò? Tí ò bá lè dáhùn, kó má fi kan ara ọmọ yín. Omi náà kẹ́míkà ni.

Emulsifying wax kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Mo ti rà á nínú ọ̀rá lọ́wọ́ olùtajà kan, kò sí orúkọ lára ẹ̀, mo bi í pé èyí tó ní SLS ni àbí èyí tó ní cetomacrogol, ó ní "wax ni jàre, gbogbo ẹ̀ wax ni". Mo dá a padà. Èyí tó ní cetomacrogol, 80 cetostearyl alcohol sí 20 cetomacrogol ni, kò ní SLS, òun ló rọrùn fún awọ tó ń bínú. Tẹ́ ẹ bá ka lébẹ́ẹ̀lì, bí ẹ bá rí cetomacrogol, ceteareth tàbí polysorbate, àwọn tí ò gbé iná nìyẹn. Bí ẹ bá rí sodium lauryl sulfate, ẹ ti mọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é: epo àti wax nínú kọ́ọ̀bù kan, omi nínú èkejì, ẹ gbé méjèèjì kaná títí wọ́n á fi dé 70 sí 75 lórí tẹmómítà, kí wọ́n jọ gbóná bákan náà o, torí tí omi bá tutù, wax á dì kó tó ráyè ṣiṣẹ́, ẹ máa rí wóró-wóró. Ẹ da ọ̀kan sínú èkejì, kẹ́ ẹ máa rò ó. Á kọ́kọ́ rí bíi mílíìkì, ẹ má dúró, ẹ máa rò ó lọ bó ṣe ń tutù, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ṣíbí bí ẹ̀kọ tó ń jiná. Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣe àṣìṣe nìyẹn, wọ́n á rí i tó funfun, wọ́n á ní ó ti ṣe, wọ́n á lọ dá nǹkan mìíì ṣe, wọ́n á padà wá bá omi nísàlẹ̀. Ó di ìgbà tó bá lọ sísàlẹ̀ 40 kẹ́ ẹ tó fi èyí tó ń lé kòkòrò àti lọ́fínńdà sí i.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi stearic acid àti triethanolamine ṣe kírímù kan tó dára gan-an, mo wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i torí wọ́n ní ó ń mú ara mọ́. Lójú mi báyìí ló yà, bíi mílíìkì tó ti kan. Alárenà inú irú kírímù yẹn ọṣẹ ni, ásíìdì sì máa ń pa ọṣẹ.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni àwọn tó ń ra tíúbù clobetasol ní ọjà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú lóṣọ̀n ńlá, tíúbù mẹ́rin márùn-ún, wọ́n á ní kírímù ara ọmọ ni, pé eczema á lọ lọ́jọ́ méjì. Ó máa lọ lóòótọ́! Steroid, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ara pípọ́n àti yíyún rọlẹ̀, èyí tó lágbára jù lọ nínú wọn ni wọ́n fi sí i, á máa sọ awọ ọmọ di fẹ́lẹ́, àmì fífàya á jáde, kòkòrò á rọ́nà wọlé, tí wọ́n bá sì dáwọ́ ẹ̀ dúró, á padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Mo ti rí ọmọ tójú ẹ̀ pọ́n bí tòmátì nítorí ẹ̀.

Apòògùn_Àkúrẹ́ · 10:10 àárọ̀

Ọlọ́run á bù kún yín, Àbẹ̀kẹ́. Nǹkan tí mo fẹ́ fi kún un ni pé clobetasol kì í ṣe fún ojú, kì í ṣe fún ọmọ kékeré láìsí dókítà tó ń wò ó. Ẹ má sì po kírímù tí wọ́n fún yín nílé oògùn mọ́ lóṣọ̀n rárá, tẹ́ ẹ bá ti là á, ẹ ti la alárenà ẹ̀, ẹ ti la oògùn apakòkòrò inú ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe kù.

Bọ̀dá_Ògbómọ̀ṣọ́ · 1:20 ọ̀sán

Ẹ dákun, ìpara Whitfield ńkọ́? Làpálàpá wà lórí ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mẹ́fà, màmá mi ní Whitfield ni wọ́n fi ń pa wá lórí láyé àtijọ́.

Apòògùn_Àkúrẹ́ · 1:58 ọ̀sán

Whitfield dára fún làpálàpá ara, benzoic acid 6 àti salicylic acid 3 nínú 100, inú emulsifying ointment tá a sọ lókè yẹn ni wọ́n pò ó sí, ẹ ti mọ̀ pé SLS wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ ju ti aqueous cream lọ, bíi ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ má fi kan ibi tó ti bó, ẹ má fi kan ojú tàbí abẹ́, ẹ má fi kan ara ọmọ jòjòló. Ṣùgbọ́n ti orí yàtọ̀. Làpálàpá orí ti wọ gbòǹgbò irun, ìpara ò lè débẹ̀, oògùn gbígbé mì ni wọ́n máa fún un, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó.

Mọ́mì_Peckham · 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọ̀sán láti London. Ọmọ mi náà ní eczema, níbí ni wọ́n ti kọ́ mi. Wọ́n ní lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ má nù ún gbẹ, ẹ kàn fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ fi ìpara sí i nígbà tí ara ṣì ní omi díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ lé ọ̀nà tí irun ara gbà hù, ẹ má fọwọ́ yí i róbóróbó. Ti tíúbù steroid, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìka ìlábẹ̀ láti oríkèé àkọ́kọ́ dé ṣónṣó ìka àgbàlagbà, bíi ìdajì giráàmù nìyẹn, ó tó láti pa ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì pẹ̀lú àwọn ìka.

Ẹ jọ̀ọ́ ohun kan wà táwọn èèyàn kì í sọ nílé. Ìpara tó ní paraffin máa ń wọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì, tí iná bá kan aṣọ yẹn, á ràn wéré, fífọ̀ ò sì lè mú un kúrò tán. Wọ́n ti kìlọ̀ ẹ̀ gan-an níbí. Nígbà tí NEPA bá mú iná tẹ́ ẹ tan àbẹ́là, tàbí tẹ́ ẹ wà nídìí sítóòfù, ẹ má gbé ọmọ tẹ́ ẹ ti fi ìpara pa sún mọ́ ọn.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ẹ dákun, kí ni kí n wá fi pa á ní báyìí kí n tó rí dókítà? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá.

Apòògùn_Àkúrẹ́ · 5:41 ìrọ̀lẹ́

Vaseline lásán tí ò ní lọ́fínńdà. Kò sómi nínú ẹ̀, kò sí alárenà, kò sí nǹkan tó máa ta á. Kò dára lójú, á máa lẹ̀, ooru á sì mú un díẹ̀, àmọ́ kò ní ké. Òrí tó mọ́ náà ṣeé lò, ẹ kọ́kọ́ fi tó ibì kan lára ọwọ́ ẹ̀ wò fún ọjọ́ méjì. Ẹ má fi ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ apakòkòrò wẹ̀ ẹ́, wọ́n le jù fún un. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ń ṣomi, tó ń yọ ọyún, tàbí tára ẹ̀ gbóná, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn · Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kejì, 8:50 alẹ́

Ẹ kú àdúrótì o. Mo lọ. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo kọ́kọ́ yà níbi tí mo ti ra kírímù, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé ike ńlá yẹn kí n rí i. Ọmọ ibẹ̀ gbé e wá. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló wà lẹ́yìn ẹ̀, sodium lauryl sulfate, phenoxyethanol, lẹ́tà tíntìntín, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè ta ọmọ tó ní eczema lára. Ìkìlọ̀ wà lára ike ńlá, báírò ló wà lára tèmi. Mo dúró níbẹ̀, omi lé sí mi lójú. Mo sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹni tó bá tún ń rà á fún ọmọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ máa kọ ìkìlọ̀ yẹn mọ́ ọn, ọ̀gá wọn jáde, ó bẹ̀ mí, ó ní àwọn á máa ṣe é.

Dókítà gbọ́ mi délẹ̀. Ó yí i padà sí white soft paraffin àti liquid paraffin, ìdajì ìdajì, ó fi hydrocortisone 1 nínú 100, steroid tí ò lágbára púpọ̀, kún un fún ọjọ́ méje péré fún inú ìgbọ̀nwọ́ àtẹ̀yìn orúnkún. Aqueous cream tó kù, èmi ni mo ń fi fọwọ́, mo ń ṣàn án kúrò.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní tí mo ṣí ike tuntun yìí, Kẹ́hìndé rí i, ó sá lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi díẹ̀ sí apá ara mi, mo fi díẹ̀ sí apá Táyé, Táyé ń rẹ́rìn-ín. Ó wá yọjú, ó ní "ata?" Mo ní rárá o, ọmọ mi, kò ta. Ó na apá kan wá, ó fi èkejì di ojú. Kò ké. Oru àná, mo jí lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó, kò họra.

Apòògùn_Àkúrẹ́ · 9:04 alẹ́

Ah, inú mi dùn gidi gan-an. Ṣíbí tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi bù ú o, kì í ṣe ìka, kẹ́ ẹ sì bu ti Táyé lọ́tọ̀.